Apẹ̀rẹ̀ Tí Wọ́n Gbé Síwájú Mi

                                        Agbo Ilé Alágbẹ̀dẹ,
                                        Ìrókò,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejìlá, 2024.

Olúfúnmi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Bàbá Marvellous ńkọ́? Ṣé ara Marvellous ti mókun lẹ́yìn ibà ọjọ́sí? Mo mọ̀ pé o ti ń fapá jánú pé n kò pè ọ́. Fóònù kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí ni. Ara mi le, àmọ́ inú mi bàjẹ́ gan-an.

O mọ̀ pé ọ́fíìsì wa máa ń rán mi lọ sí etíkun Ìlàjẹ láti wọn ẹja ṣáwá. Bí ẹja ti tóbi tó, àti iye tó ti yé ẹyin rí nínú wọn, la fi ń ṣírò iye tí àwọn apẹja lè kó lọ́dún tí kò fi ní tán nínú òkun. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, abúlé ọkọ àbúrò ìyá mi, Ìyá Safwan tó ń yan ẹja, ni mo ti ṣiṣẹ́.

Bí mo bá ti yọ báyìí, àwọn apẹja á máa pariwo pé ọmọ ìyàwó àwọn dé. Apẹ̀rẹ̀ tó dáa jù ni wọ́n ń gbé síwájú mi. Ta ló máa gbé wẹ́wẹ́ fún àlejò? Èmi náà, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, n kò jẹ́ yọjú wo inú ọkọ̀ wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé wẹ́wẹ́ tí kò tíì yé ẹyin rí ló kún ibẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹja pọ̀. Ọ́fíìsì ní kí wọ́n máa kó ìlọ́po méjì, ni ọkọ̀ ńláńlá bá ya dé.

Fúnmi, ẹja ti tán. Òfìfo ni àwọ̀n ń jáde. Ìyá Safwan ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n ti padà sí Ìrókò. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó fún àwọn tó ń yan gààrí, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin. N kì í lè wò wọ́n lójú.

Lánàá, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Ìyẹn ì bá sàn. Wọ́n mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, wọ́n ń bó o lọ. Wọ́n wá ní, "Mùjí, ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣírò. Ṣé ẹja yẹn á padà wá kí n tó kú?"

Mo ti ṣírò rẹ̀. Ogún ọdún ni. Mo ní n kò mọ̀.

Bá mi kí Bàbá Marvellous àti gbogbo ará Egbeda. Má sọ fún wọn pé mo sunkún.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
                                        Mùjíbátù.