Etí Ọmọ Ni Alhaja Yóò Kọ́kọ́ Wò

Mi ò pupa. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún bà mí, torí mo ti kọ lẹ́tà yìí rí tí mo fà á ya. Gbogbo Ọ̀fà ló mọ̀ mí sí pupa, ọkọ mi mọ̀ mí sí pupa, ìyá ọkọ mi kì í tilẹ̀ pe orúkọ mi, Apọ́nbéporẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Mò ń bóra ni o. Dúdú ni wọ́n bí mi, mo jọ ìyá mi tó dú bí kóró iṣin, tí bàbá mi máa ń pè ní Adúmáadán tí inú wọn bá dùn. Ìyá mi ti kú kí n tó wá sí Ọ̀fà, kò sí ẹnì kankan nílé ọkọ mi tó rí wọn rí, mo sì ti sọ fún gbogbo wọn pé pupa ni ìyá mi. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní ti wọn, abẹ́ àpótí aṣọ ló wà. Ta ló ń fi ìyá rẹ̀ pamọ́? Èmi ni.

Kaduna ni wọ́n bí mi sí, níbẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ irun, ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kírímù para. Ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ fún mi, wọ́n ní onírun tí ara rẹ̀ kò bá dán kò lè rí kọ́sítọ́mà, wọ́n ní kì í ṣe bíbóra, toning lásán ni. Nígbà tí mo fi máa dé Ọ̀fà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù nítòsí téṣàn reluwé, mo ti di half-caste. Ìgbà yẹn ni irun jẹ́rì kọ́ọ̀lù gbòde, obìnrin á jókòó sábẹ́ dráyà, á nawọ́ sí fọ́tò ara ògiri mi, fọ́tò òṣèré kan tí mo gé nínú ìwé ìròyìn yín yìí, á ní bí eléyìí ni kí n ṣe òun. Ẹ rò pé irun nìkan ni wọ́n ń wò? Wọ́n á ní èmi àti òṣèré yẹn jọra, orí mi á wú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò yẹn náà ni ọkọ mi ti rí mi, òṣìṣẹ́ reluwé ni, ó mú àbúrò rẹ̀ obìnrin wá ṣe irun, kò sì padà síbi iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Pupa ni ìdílé wọn látòkè délẹ̀, wọ́n sì máa ń fi í yangàn. Alhaja, ìyá ọkọ mi, ló máa ń kọ́kọ́ gba ọmọ tuntun nínú ilé yẹn. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ mọ̀ pé ọmọ kì í dú lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i, gbogbo wọn ló máa ń pọ́n, etí ni àwọn àgbà ń wò, torí bí etí bá ṣe dú ni ọmọ yóò ṣe dú. Alhaja á ṣẹ́ etí ọmọ síwájú, wọ́n á wò ó, wọ́n á wá kéde fún gbogbo ilé. Lọ́jọ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bímọ, èmi ni mo gbé omi gbígbóná wọlé. Ìyálé mi ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni wá, ọjọ́ tó wọlé nìkan ló fi jù mí lọ. Ojú mi ni Alhaja ṣe wo etí ọmọ náà tí wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn dá a padà sórí ẹní. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ o, wọ́n pa àgbò, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀, pé bàbá pupa, ìyá pupa, níbo ni dúdú ti wá? Kí ọmọ náà tó rá, wọ́n ti kó ẹrù ìyálé mi jáde, ó gun ọ̀kadà padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìjàgbó, gbogbo àdúgbò sì gbà pé àlè ló bímọ fún.

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Kírímù kan náà la jọ ń lò, ọ̀dọ̀ obìnrin kan náà la ti ń rà á ní Ìlọrin, òun gan-an ló mú mi débẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún wọn pé òun ń bóra ni, wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ kò ní ṣaláì rí nǹkan sọ, wọ́n ní ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Kò dárúkọ mi. Ó kàn wojú mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí... mo sì wo ilẹ̀. Tí mo bá sọ tirẹ̀, ṣé mi ò ti sọ tèmi ni?

Èmi ló wá kàn báyìí. Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ. Lọ́sibítù, nọ́ọ̀sì tẹ inú mi títí, ó ní ọmọ dábùú, tí kò bá yí padà, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó wá di ọwọ́ mi mú. Oríkèé ìka mi kò gbà fún kírímù rárá, dúdú kirikiri ló wà, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lé làálì nígbà gbogbo, Alhaja rò pé ìfẹ́ ẹ̀sìn ni, wọ́n máa ń fi mí yangàn ní mọ́sálásí. Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò ra oríkèé náà, ó bi mí pé kí ni mò ń fi para. Alhaja jókòó tì mí. Mo ní òrí ni, òrí àti ọṣẹ dúdú. Kò bá mi jiyàn, ó ní kí n mú ọkọ mi dání tí mo bá tún ń bọ̀, pé dókítà gbọ́dọ̀ mọ irú awọ tó fẹ́ gé.

Ẹ̀yin náà lẹ gbé e jáde láìpẹ́ yìí pé òṣèré ara ògiri mi ṣe iṣẹ́ abẹ, pé kírímù ti jẹ awọ rẹ̀, wọ́n rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó já, wọ́n tún un rán, ó tún já, pé kò sí ẹni tó rí i níta mọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kà á. Mo já fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí mo ti já a kúrò mọ́ ju ìyókù ògiri lọ, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń wo ibẹ̀. Mo ti pa kírímù tì láti ọjọ́ náà, dúdú sì ti ń yọ lọ́rùn mi ní abala abala. Alhaja ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oyún ló ń mú mi dú, pé ọkùnrin ni, pé tí mo bá bí i tán àwọ̀ mi á padà. Kò ní padà o...

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyálé mi yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣe irun fún un, a ò sọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tó dìde, ó fọwọ́ kan inú mi.

“Ìyàwó, tóo bá bí i, tètè fi fìlà bo etí ẹ̀ kí Alhaja tó gbà á.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbé fọ́tò ìyá mi fún ọkọ mi kí ọmọ tó dé, kó mọ ibi tí dúdú ti wá? Tó bá lé mi tòun ti oyún ńkọ́? Tí mo bá sì dákẹ́, tí wọ́n là mí, tí ara mi kọ̀ tí kò jinná, ta ni yóò sọ fún wọn pé ọmọ wọn ni? Ẹnì kan ṣoṣo tó lè jẹ́rìí mi nílùú yìí, ojú mi ni wọ́n ṣe lé e lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni nọ́ọ̀sì ní kí n mú ọkọ mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìdáhùn yín pẹ́. Mo ti ra òwú, mo ti ń hun fìlà náà.