Ojú Adébánjọ Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ìdí-Ọsàn, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, 1976.

Adébánjọ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Ìsọlọ̀? Àwa náà wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọlọ́run tó gba Ísírẹ́lì lọ́wọ́ Fáráò kò ní jẹ́ kí ọwọ́ ayé tẹ̀ ọ́. Kí o tó máa kà á lọ, dákun fọwọ́ pa ojú ara rẹ, kí o rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ Tíṣà bí i ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà bí o bá rí àṣìkọ, fojú fò ó. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Ìjì gbé páànù ilé ìdáná lọ. Kòkó ti pọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò ká a, gbogbo ọ̀dọ́ ti wà lọ́dọ̀ yín.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, ni Sàláúdéènì, awakọ̀ tó ń kó pákó wá sí Ìsọlọ̀, mú lẹ́tà rẹ dé. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé fọ́tò tí o yà fún ibi iṣẹ́ nìyí, pé kí a fọ̀ ọ́ kí ìyá rẹ lè gbé e kọ́ ògiri. Mo yọ nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde tó ń dán bí ike, mo gbé e sí oòrùn. Háà, Adébánjọ! Irun orí rẹ funfun bí òwú, eyín rẹ dúdú bí èédú, ẹyinjú rẹ funfun, ibi tó yẹ kó funfun ni ó wá ṣókùnkùn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí o wọ̀ náà ti di ti ọlọ́fọ̀. Ìyá rẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun.

Kí oòrùn tó wọ̀, ilé ti kún. Ìyá rẹ ní Ìyá Kúnbi tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa béèrè rẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí ló kàn án. Bí a kò ṣe kí i mọ́ nìyẹn. Ìjọ gbààwẹ̀, wọ́n ní kí èmi Bàbá Ìjọ ṣáájú àdúrà. Mo gbàdúrà pé kí Olúwa tú àṣírí ẹni tó ṣe ọmọ yìí, gbogbo wọn pariwo àmín. Mo mọ ẹni náà. Èmi ni.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà ìkórè kòkó, o sọ fún mi pé o ń lọ sí Èkó nítorí pé owó epo ti dé. Mo ní epo wo, pé ṣé a kò ní ọ̀pẹ níbí ni? O rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú. Nígbà tí o ti jìnnà tí o kò lè gbọ́ mọ́, mo fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, mo ní kí o máa lọ, pé ìgbà tí o bá fi máa padà, èmi tí mo bí ọ kò ní dá ojú rẹ mọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo gbé igbá ọrẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ara Olúwa lé e lórí. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n gbà á padà, mo rò pé Ọlọ́run kò gbọ́.

Mo wá rántí pé ìwọ fúnra rẹ ni o ní kí a fọ̀ ọ́. Mo ní áà, ọmọ yìí ti mọ ohun tó ń ṣe òun, nítorí ṣebí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wàásù fún wa pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ń fọ ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́. Mo bu omi òjò, mo mú ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn tuntun. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń sunkún, mo ń bẹ Olúwa pé kó má ka ẹ̀ṣẹ̀ mi sí ọ lọ́rùn. Bí eyín dúdú yẹn ṣe ń ṣí, mo ní halelúyà, mo tún fi ọṣẹ kún un. Kí n tó mọ̀, irun ti lọ, imú ti lọ, gbogbo rẹ̀ ti lọ, ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò yàtọ̀ sí gíláàsì fèrèsé. Mo figbe ta. Mo rò pé mo ti fọwọ́ ara mi pa ojú ọmọ mi rẹ́ láyé.

Mo sáré lọ bá Tíṣà Olúbọ̀wálé, ẹni tó ń wàásù fún wa bí pásítọ̀ kò bá sí nílé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní fíìmù ni wọ́n ń pè é, pé inú rẹ̀ ni dúdú ti ń di funfun tí funfun ń di dúdú, pé onífọ́tò ló yẹ kó fọ̀ ọ́, pẹ̀lú oògùn rẹ̀, nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí àwòrán tó jáde sórí ìwé. Mo bi í pé ṣé Kìrìsìtẹ́nì lè máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní èyí tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹgbẹ́ akọrin gan-an ló wà. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ ṣì wà níbẹ̀. Ni mo bá jẹ́wọ́ èpè yẹn fún un, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní olè orí àgbélébùú kò rí omi wẹ̀, ó kàn lanu sọ̀rọ̀ ni. Ó ní agbára tó ṣẹ́gun Èṣù kò lè kọsẹ̀ lára ẹnu àgbẹ̀ kan tínú ń bí, ṣùgbọ́n ẹnu tó ba nǹkan jẹ́ ni kó lọ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ìjẹta, mo dìde láàrin ìjọ, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Kúnbi. Ó ní torí pé Kúnbi fẹ́ wá sí Èkó ni òun ṣe ń béèrè rẹ, pé bóyá o lè bá a wá yàrá. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, ó ní Ọlọ́run ti dárí jì mí, kí n dìde nínú eruku. Mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ ní tirẹ̀ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, ó kàn ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni, ó rán Tíṣà sí mi pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run yá ju tòun lọ.

Adébánjọ, ẹnu tí mo fi sọ ọ́ ni mo fi gbà á padà lónìí, ní orúkọ Jésù. Dárí jì mí. Ire tó wà nínú orúkọ Ire-Akari, àdúgbò tí o ń gbé ní Ìsọlọ̀, yóò kárí dé ọ̀dọ̀ rẹ, o kò ní ríjà ẹ̀rọ níbi iṣẹ́, o kò ní ríjà ọkọ̀ lójú títì.

Ní ti páànù ilé ìdáná àti owó kẹrosíìnì, bí o bá rí i, fi rán Sàláúdéènì, òjò kò mọ̀ pé a ń ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀kan ni o lè ṣe, má fi owó ránṣẹ́. Wọ ọkọ̀ wá.

Ní gbogbo Sátidé ni n óò máa dúró níbi tí Sàláúdéènì ti ń já èrò. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀, tí mo wò ọ́ tí n kò tètè mọ̀ ọ́, jọ̀wọ́, má bínú padà. Pè mí. N kò ṣẹ́ èpè fún ohùn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jákọ́bù Abórìṣàdé.