Fíìmù Tí Mo Gbé Wọlé fún Àǹtí Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Àǹtí tún borí lánàá. Àwọn ni wọ́n yan fíìmù — fíìmù ìgbàgbọ́, bí ìṣe wọn. Obìnrin kan ń gbàdúrà, ọkọ rẹ̀ ọ̀mùtí ronú pìwà dà nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí fíìmù parí. Mo ní, "Àǹtí, Ọlọ́run inú fíìmù yín kì í pẹ́ dé o." Wọ́n ní, "Ìwọ tó o gbà pé ẹnì kan ṣoṣo lè lu ogójì ènìyàn kí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ má sì rún, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀?"

Mo gbà. Fíìmù ìjà ni tèmi, mi ò tọrọ gáfárà. Ní ṣọ́ọ̀bù, orí àwọn oníbàárà wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìgẹrun mi, ẹnu wọn ń jà lórí fíìmù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Awakọ̀ kan ní fíìmù ìfẹ́ máa ń pa òun lẹ́kún. Ó ní kí n má sọ fún ìyàwó òun.

Àga Àǹtí ti sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n débi pé imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ojú òsì ti lọ láti ọdún tó kọjá. Ojú ọ̀tún ló kù, ìyẹn náà dà bí ẹni ń yọjú látinú ihò kọ́kọ́rọ́. Oògùn ojú láàárọ̀, oògùn ojú nírọ̀lẹ́. Kò lè wò ó sàn; kó má yára bàjẹ́ ni. Àwọn fúnra wọn ló ń kán an, wọn kì í jẹ́ kí n ran àwọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ mi láti ọmọ ọdún mẹ́fà — ta ni mo jẹ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kejì

Òjò. Orí méjì péré ni mo gẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kejì

Gbogbo-Ògo wá gẹrùngbọ̀n. Díákónì ni, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nínú ọkàn mi, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi "gbogbo ògo" parí. Ó fi fíìmù kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n mi ni, pé á gbé ìgbàgbọ́ wọn ró, gbogbo ògo. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé e wọlé bí ẹni ra búrẹ́dì.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kejì

A wò ó. Afọ́jú kan da oògùn rẹ̀ sódò, ó gbààwẹ̀, ọjọ́ kẹta ó lajú, orin sọ. Òṣèrébìnrin náà ò mọ afọ́jú ṣe rárá. Kó tó dé ìdí àga ló ti ń yà fún un! Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ìgbà tí mo yíjú, omi ti bo ojú Àǹtí.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kejì

Wọ́n ní kí n tún gbé e sí i. Ìgbà kẹta.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kejì

Àǹtí ń kọrin láàárọ̀ yìí. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ kẹ́yìn. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́. Mo pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Wọ́n da omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, kì í ṣe sínú ẹ̀. Wọ́n ní gílóòbù ni ò mọ́lẹ̀. Mo pààrọ̀ gílóòbù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Mò ń nu orí tábìlì yàrá wọn. Mo gbé ìgò oògùn ojú kúrò — ó wúwo. Mo wò ó dáadáa. Èdìdì ọrùn ẹ̀ ò tíì já. Oṣù tó kọjá ni mo rà á!

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti fi ojú náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Láti ìgbà wo? Láti alẹ́ tá a wo fíìmù yẹn.

Mo ní, "Àǹtí, fíìmù ni! Wọ́n gba obìnrin yẹn síṣẹ́ kó dibọ́n ni!"

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ọlọ́run tí wọ́n ń pè nínú ẹ̀ ńkọ́, ṣé òun náà ń dibọ́n ni?"

Mo pariwo mọ́ wọn. Èmi! Mo pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Wọ́n kàn ń fọwọ́ tọ etí aṣọ wọn.

Èmi ni mo gbé e wọlé. Èmi náà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Mo bi Gbogbo-Ògo. Ó ní háà, òun gan-an ò tíì wò ó parí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sóun, òun náà fi ránṣẹ́. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀ kí n lè gẹ ẹ̀gbẹ́ etí. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó gbé e padà sójú. Ta ni mo fẹ́ bá jà?

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Ilé ìwòsàn. Dókítà ojú, ọmọbìnrin kékeré kan, tanná sí ojú wọn pẹ́. Ó bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni wọn ò fi lo oògùn. Wọ́n ní bí ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ìyẹn ló já mi láyà.

Ó ní, "Èyí tó lọ ti lọ, bọ̀dá. A ó tún bẹ̀rẹ̀ oògùn, ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Èmi ni mo ń kán an báyìí. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n á kàn gbójú sókè.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Wọ́n bi mí bóyá wọ́n ti mú iná lọ.

Ọ̀sán gangan ni. Fèrèsé ṣí. Oòrùn wà lórí itan wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Kò sí fíìmù. A jẹun tán, a jókòó. Wọ́n ní kí n yé dá ara mi lẹ́bi, àwọn ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Wọ́n ní ìgò yẹn ti sú àwọn kí fíìmù tó dé.

"Ọdún kan gbáko ni mo fi ń kán ohun tí ò ní mú mi lajú. Fíìmù yẹn kàn fún mi láyè láti sinmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, àràárọ̀ ni mò ń jí tí mo ń rò pé bóyá òní ni. O ò mọ bó ṣe dùn tó."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n tiẹ̀ gbà á gbọ́.

Wọ́n ní, "Láàárọ̀, mo gbà á gbọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mi ò gbà á gbọ́ mọ́."

Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé irú ẹ̀ wá, àwọn á tún wò ó.

Mo kó abọ́. Abọ́ méjì péré ni. Mo fọ̀ wọ́n títí omi fi tutù.