Bàbá Ṣìkẹ́mi, A Ti Rí Ohùn Yín

Ọládòṣù ọkọ mi, Bàbá Ṣìkẹ́mi, ọ̀gá àwọn onífèrè, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Lọ́dún kìíní, ẹkún ni mo fi rántí yín. Lọ́dún kejì, ẹjọ́ ni mo wá rò fún yín, ẹ ò sì dá mi lóhùn. Lọ́dún yìí, ẹ fara balẹ̀ níbi tí ẹ wà, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú bọ̀. Ọkàn mi ti balẹ̀. Mo ti ń sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìròyìn ilé ná. Ṣìkẹ́mi ti ga jù mí lọ. Ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ojú yín ló sì gbé sórí. Tí inú bá ń bí i, ihò imú ẹ̀ a máa fẹ̀ gẹ́lẹ́ bíi tiyín. Páànù ẹ̀yìn ilé tó ń jò lé wa lórí, tí ẹ ní ẹ máa tún ṣe, tí ẹ ò tún ṣe, a ti pààrọ̀ ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà ní Boundary, tọ́ọ̀ṣì àti iná oníṣáájì la ṣì ń tà. Àwọn tí ẹ jọ ń já ẹrù ní wáàfù máa ń yà kí mi tí wọ́n bá ń lọ sí Wharf Road. Wọn ò gbàgbé mi, ẹ bá mi dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ páànù ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ bándì yín ní ìjọ ni.

Nígbà tí ẹ wà láyé, ta ló ń wá ẹ̀rọ tí yóò fi yẹ ohùn fèrè wò? Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀! Ẹ ó dijú, ẹ ó kùn látinú àyà, "ùùùù," kálukú á wá máa fa irin fèrè ẹ̀ jáde, á máa tì í wọlé, títí tiẹ̀ á fi bá tiyín dọ́gba. Ẹsẹ̀ yín ni aago wọn. Bàtà wáàfù yẹn, gbì, gbì, gbì lórí pákó, ta ló tó sáré jù ú?

Ohùn yẹn kan náà lẹ sì ń kùn wọlé láti ibi iṣẹ́. Ẹ ò ní sọ pé ẹ ti dé. Ẹ kàn máa ń ní "ùùùù" lẹ́nu ọ̀nà ni. Èmi náà, níbi tí mo bá ti ń ṣa ẹ̀wà, mi ò ní gbójú sókè. Màá kàn ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ṣìkẹ́mi." Ẹni tó bá gbọ́ wa á rò pé orí wa ò pé.

Ẹ rántí agogo ìjọ wa? Ẹ̀yin náà lẹ mú un wá. Agogo ọkọ̀ òkun àtijọ́ ni, ó wà láàárín irin àlòkù ní èbúté, ẹ tọrọ ẹ̀, ẹ fi ọmọlanke tì í dé Ajégúnlẹ̀, òógùn bò yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, òfin kan ṣoṣo lẹ fún àwọn onífèrè: tí wọ́n bá ti lù ú lẹ́ẹ̀mẹta fún orin ìwọlé, wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó dákẹ́ tán kí fèrè tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Lọ́jọ́ ìdánrawò pàápàá, tí ẹ bá ń kọjá lábẹ́ ẹ̀, ẹ ó fi òrùka ìgbéyàwó wa ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́, tíín. A rò pé eré lẹ ń bá a ṣe.

Ẹ wá kú. Ha! Ikú ò mọ ọ̀gá.

Kò pẹ́ tí bándì fi dàrú. Ṣé ẹ rí i, kálukú wọn ló ní ohùn Ọ̀gá wà lórí òun. Godstime, tó ń fun tírọ́ńbóònù, tí ẹ máa ń pè ní Alápágígùn, ó fi Bíbélì búra pé bí ẹ ṣe ń kùn ún lòun ṣe ń kùn ún. Ṣìkẹ́mi, tí òun náà ń fun fèrè láàárín wọn, ní irọ́ ni, ta ló gbọ́ ọ tó òun ọmọ inú ilé? Àwọn tó kù náà ní tiwọn. Ẹni mẹ́jọ, ohùn Ọ̀gá mẹ́jọ! Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì, nítorí ẹni tó bá gbà, ó dà bíi pé ó ti gbàgbé yín nìyẹn. Ìfẹ́ ló ń da orin rú. Tí wọ́n bá gbé orin lọ́jọ́ Ìsinmi, ńṣe ló ń ké bí ìgbà tí wọ́n bá ń kó ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Mo rí àwọn tó ń fi ìwé orin bojú rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé egungun.

Alàgbà Ọlásúnkànmí, olórí ìjọ wa, fara dà á títí. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe sùúrù. Ìgbà tó yá ló pè wá jókòó, ó ní bí fèrè ò bá bára wọn mu títí di ọjọ́ Ìkórè, orin inú kọ̀ǹpútà làwọn ó máa lò, kí wọ́n kó fèrè sí sítóò. Sítóò! Níbi tí àga tó ti dá lẹ́sẹ̀ wà. Iṣẹ́ ogún ọdún yín, Bàbá Ṣìkẹ́mi! Mo délé, mo bá fọ́tò yín jà.

Ṣìkẹ́mi ló ní kí n má sunkún mọ́, ẹ̀rọ kan ń bẹ tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Ó ń gbọ́ ohùn fèrè, ó ń fi ọwọ́ aago kékeré tọ́ka pé ó lọ sókè tàbí ó lọ sílẹ̀. Ó tún ń ka ìdíwọ̀n orin, kó, kó, kó, bíi ti ẹsẹ̀ yín. Ọmọ yẹn pe orúkọ ẹ̀, ó gùn bí ọ̀nà Badagry. Mo ní ó dáa, Ọ̀gá Kékeré là ó máa pè é.

Godstime ní kí la fẹ́ rà á fún, ó wà lórí fóònù òun. A dán an wò. Wọ́n ń bá orin lọ, àfi gbàrà tí ìyàwó ẹ̀ pè, kó-kó dúró, gbogbo bándì ṣubú léra wọn. Nígbà tí wọ́n máa tún bẹ̀rẹ̀, ìpolówó tẹ́tẹ́ yọ lójú ẹ̀, ó ń kọrin tiẹ̀. Mo ní kí Godstime gbé fóònù ẹ̀.

Ni mo bá wọ ọjà. Ẹ mọ̀ mí. Èmi tí mo ti ń ta tọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan, ṣé páálí tó ń dán ló máa tàn mí jẹ? Wọ́n kó oríṣiríṣi jáde fún mi. Ọ̀kan ń gbọ́ ohùn, kò lè ka ìdíwọ̀n. Òmíràn ń kà á, àmọ́ bí ẹni ń fi èékánná kan dígí ni. Ẹ sì mọ yàrá ìdánrawò wa, ojú títì níbi tí tírélà ń tò sí ló kọjú sí, ta ló máa gbọ́ ọ? Ẹ̀kẹta ń ṣe méjèèjì, àmọ́ tí ó bá ń ka ìdíwọ̀n, kò ní gbọ́ ohùn mọ́, ẹ máa yan ọ̀kan. Mo mì wọ́n, mo ṣí ìdí bátìrì wọn, mo fọwọ́ tẹ sípíríǹgì ẹ̀. Ẹni tó ń tà á bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni ń wo kọ́sítọ́ọ̀mù.

Nnaemeka, tó ń ta ohun èlò orin lápá ibẹ̀ ní Boundary, ló wá mú ọ̀kan jáde. Ojú ẹ̀ ń mọ́lẹ̀, ó ń gbọ́, ó ń kà, lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì rìmóòtù ló ń lò, èyí tí mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó tiẹ̀ lè fúnra ẹ̀ ké ohùn jáde kí èèyàn fi wo tiẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni wáyà tó bá a wá, ó ní ẹ̀mú kékeré lẹ́nu bíi ti ẹ̀mú aṣọ. Ẹ ó fi mú ẹnu fèrè, fèrè yẹn nìkan ni yóò máa gbọ́. Kí tírélà máa fọn fèrè tiẹ̀ lóde, kò kàn án. Mo ní Nnaemeka, dì í fún mi.

Inú wa dùn! Fèrè gbogbo kọjú sí Ọ̀gá Kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tò wá, ọwọ́ aago dúró láàárín gbọn-in. Kò sí àríyànjiyàn mọ́, ẹ̀rọ ò ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Fúngbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn yín, wọ́n bára wọn mu.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi. Agogo dún lẹ́ẹ̀mẹta, fèrè wọlé. Yéè! Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fèrè bá fèrè mu, àmọ́ fèrè àti agogo ń bára wọn jà lójú gbogbo ìjọ, bí orogún méjì. Alàgbà kàn fọwọ́ bo etí kan. Ọjọ́ Ìkórè sì ti ń súnmọ́lé.

Mo ní wọ́n ti ta fèkì fún mi. Èmi! Mo fún ìró mọ́ ìdí, ó di ọ̀dọ̀ Nnaemeka. Ẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ̀ bá ti fà mí lẹ́yìn. Nnaemeka ò bínú. Ó tan dùùrù oníná kan, ó tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ aago dúró láàárín. Ó tan òmíràn, bákan náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama, dis one correct o. Na wetin una dey play with am make una go check." Ó ní ẹ̀rọ ò ní àléébù, ohun tó ń bá fèrè dún ni ká lọ yẹ̀ wò. Mo gbé Ọ̀gá Kékeré mi, mo padà sílé, ojú ń tì mí díẹ̀.

Ṣìkẹ́mi ni ọ̀rọ̀ Nnaemeka yé. Lọ́jọ́ ìdánrawò, ó gun àga, ó fi ẹ̀mú yẹn mú etí agogo, ó ní kí Godstime lù ú. Ọwọ́ aago ṣubú sápá òsì. Agogo wa lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ! Ọmọ yín sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí àpótí fèrè tiyín, èyí tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e sílẹ̀, irin ẹ̀ ṣì wà níbi tí ẹ fà á dé. Ó fun ún. Ọwọ́ aago ṣubú sápá òsì, ó dúró síbi tó dúró sí fún agogo gẹ́lẹ́. Kò yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí.

Bàbá Ṣìkẹ́mi! Ẹ ṣeun o! Inú agogo lẹ ti ń mú un! A rò pé láti ọ̀run ló ń sọ̀ kalẹ̀ bá yín tí ẹ bá dijú, àṣé agogo irin àlòkù lẹ ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí fèrè ò fi gbọdọ̀ pẹ́ wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń fi òrùka ta á. Ẹ ò sọ fún ẹnì kankan, ẹ ń jẹ́ kí wọ́n máa kí yín ní ẹlẹ́tí ẹ̀mí. Ọkùnrin yìí! Godstime ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà bá a sun ún.

Ojú ẹ̀rọ yẹn ní nọ́ńbà kan, 440, ìwọ̀n ohùn tí gbogbo ayé ń lò. Ṣìkẹ́mi wo ìwé tó bá a wá, ó rí i pé ó ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó dé 434, Godstime tún lu agogo. Ọwọ́ aago gòkè, ó dúró láàárín. Kálukú fa irin fèrè ẹ̀ jáde. Ohùn ẹni mẹ́jọ di ẹyọ kan, ó sì jẹ́ tiyín. Tí wọ́n bá pè wọ́n síbi tí dùùrù wà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ padà sí ti gbogbo ayé. Nínú ìjọ wa, tiyín là ń lò.

Ọjọ́ Ìkórè, agogo dún lẹ́ẹ̀mẹta. Kó tó dákẹ́, fèrè wọlé. Ẹ ò lè mọ ibi tí agogo parí sí tí fèrè ti bẹ̀rẹ̀! Àwọn tó ń fi ìwé orin bojú tẹ́lẹ̀ dìde, wọ́n ń jó. Alàgbà fúnra ẹ̀ fi ẹ̀wù ìyìn nu ojú. Nígbà ìkéde, ó ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà padà sí ọ́fíìsì, kí ìjọ tún yàrá onífèrè kùn lọ́dà. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Mo ní háà, Olúwa, ẹ ṣé. Ẹrù sọ̀ lórí mi.

Bándì yín ò kú o, Ọládòṣù. Ṣìkẹ́mi ló ń darí ẹ̀, fèrè yín ló ń fun. A ò sì gbàgbé yín. Mo ń ṣàárò yín, mo ṣì fẹ́ràn yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọdún mẹ́ta ti tó láti jáwọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣìkẹ́mi wá pààrọ̀ bátìrì Ọ̀gá Kékeré ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ̀yìn sí i, mò ń to tọ́ọ̀ṣì sórí pẹpẹ, mi ò mọ̀ pé ó fẹ́ dán an wò. Ó tẹ ohùn náà. Ó tín-ín-rín ju tiyín lọ, àmọ́ òun náà ni, ùùùù.

Mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ṣìkẹ́mi."