Màmá Rhoda Àjọkẹ́ Ọláyíwọlá, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tí Oríkì Jí Dìde

Ní agbo ilé alágbẹ̀dẹ ní ìlú Ẹ̀sìẹ́ ni a ti bí màmá wa ní ọdún 1949. Bàbá tó bí wọn, olóògbé Ọláìyá, ni ó ń rọ ọkọ́ fún àwọn àgbẹ̀ láti Àrán-Ọ̀rin títí dé Òkè-Onígbìn. Ìyá wọn, olóògbé Bíntù, ń ta èlùbọ́. Láràárọ̀, tí ọmọ bá ti kúnlẹ̀ kí ìyá wọn, oríkì ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Màmá máa ń sọ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì ki àwọn, ṣe ni ó dà bíi pé àwọn kò tíì bọ́jú.

Màmá parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́ ní ọdún 1963, wọ́n sì lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Òmù-Àrán. Ibẹ̀ ni Ajíhìnrere Aaron Ọláyíwọlá, ọmọ ilé ahunṣọ, ti gbé ṣòkòtò wá fún àtúnṣe. Ṣòkòtò yẹn ya lẹ́ẹ̀mẹta kí oṣù kan tó pé, màmá sì mọ̀ pé kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1970.

Bàbá wa ti gbà nígbà èwe wọn pé oríkì kò yẹ ilé ajíhìnrere, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ọ nínú ilé. Màmá kò bá wọn jà. Tí bàbá bá ti lọ sí àdúrà òwúrọ̀, ìgbà yẹn ni màmá máa ń wẹ̀ fún wa, tí wọ́n á máa kì wá bí wọ́n ṣe ń fi kànìnkànìn bó wa.

Ní ọdún 1991, ìjọ rán àwọn méjèèjì lọ wàásù ní abúlé kan ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Tógò. Màmá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn dání. Àwọn obìnrin tó wá kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ wọn ni ó kọ́kọ́ kún ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, bàbá sì gbà pé ẹ̀rọ yẹn wàásù ju àwọn lọ.

Ọdún kejì tí wọ́n débẹ̀ ni ibà dá àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀. Ti bàbá tètè fúyẹ́. Ti màmá wọ̀ wọ́n lára, títí wọn kò fi jẹun mọ́, tí wọn kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré abúlé náà fa bàbá sí ẹ̀gbẹ́, ó ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó wọn sùn lọ, kí wọ́n ṣáà máa bá a sọ̀rọ̀. Bàbá pe Rhoda, Rhoda kò dáhùn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, títí ohùn wọn fi há. Nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n tún lè sọ mọ́, wọ́n kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n pe Àjọkẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n.

Oríkì kan ṣoṣo ni bàbá mọ̀, èyí tí ìyá tiwọn fi ń jí wọn ní kékeré. Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ alágbẹ̀dẹ ní ọmọ ahunṣọ nìyẹn, ọmọ a-fi-òwú-funfun-ṣẹ̀yẹ, tí omijé ń bọ́ lójú wọn. Nọ́ọ̀sì rò pé àdúrà ìkẹyìn ni, ó sì ṣí fìlà rẹ̀.

Màmá la ojú. Wọ́n ní, “Bàbá Àràmídé, ilé yín lẹ ń kì. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi.” Wọ́n sì béèrè omi.

Ó pẹ́ kí àwọn ará ìjọ ibẹ̀ tó yé bẹ bàbá pé kí wọ́n kọ́ àwọn ní àdúrà alágbára yẹn. Nígbà tí bàbá àti màmá wálé fún ìsinmi, Ẹ̀sìẹ́ ni bàbá kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n jókòó ti ẹ̀gbọ́n màmá, Ìyá Suwebat, títí wọ́n fi mọ oríkì ọmọ alágbẹ̀dẹ tí í lu irin kí àkùkọ tó kọ. Láti ìgbà náà, kò sí òwúrọ̀ tí bàbá kò ki màmá. Bí wọ́n bá fo ìlà kan, màmá á dúró lórí ìkúnlẹ̀, wọn kò ní dìde títí bàbá yóò fi padà lọ mú un.

Wọ́n padà sílé pátápátá ní ọdún 2004. Màmá di ìyá ìjọ ní Òmù-Àrán, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin níṣẹ́ télọ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́nì. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní oṣù kejì ọdún 2025. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọkọ wọn; àwọn ọmọ wọn, Àràmídé, Dèbórà àti Sámúẹ́lì; ọmọ-ọmọ mẹ́jọ àti àrọ́mọdọ́mọ kan.

Màmá wa, ẹ sùn re. Kí Olúwa tí ó gbà yín lọ́wọ́ ibà jí yín sí ọwọ́ ọ̀tún Rẹ̀.

Bàbá ló ń ki màmá létí ibojì lónìí, bí màmá ṣe fẹ́. Wọ́n ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ìparí, màmá ni wọ́n ń bá sọ ọ́: “Àjọkẹ́, bí mo bá ṣì í, jọ̀wọ́, dá mi lóhùn.”