Ta Ni Yóò Béèrè Orúkọ Rẹ̀?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ mi síta.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, àlejò sì ni mí ní Adó. Ìwé kan tí mo rà lágbègbè Fájuyì ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní ní àdúgbò Òkè-Ìlá níbí. Obìnrin tó kọ ọ́ ti ń ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n láti kékeré. Ọmọ tó ń jí ẹran inú ọbẹ̀ ni wọ́n ní kó ṣe. Bó bá dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, wọn a ní, "Ẹ bo ìkòkò o, olè ẹran ti dé!" Á bá wọn rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ rẹ̀ rí.

Olóòtú, òun ni olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí yàrá tó kọjú sí tèmi! Ẹ̀rín àfọwọ́bonu yẹn ni mo fi dá a mọ̀. Lánàá, nídìí kànga, ó ní, "Àbúrò, kí lorúkọ rẹ?" Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti dé. Mo dárúkọ mi fún un, ṣùgbọ́n mi ò béèrè tirẹ̀, mo gbé korobá mi sá wọlé.

Ṣé kí n béèrè orúkọ tí mo ti mọ̀ ni, àbí kí n sọ fún un pé mo ti ka ìwé rẹ̀? Omi mi ti ń tán lọ, mo sì máa tó padà sídìí kànga. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.