Ẹ̀rọ Tó Ń Dúró Bí Ẹ Bá Ti Yọjú

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé láti ọjọ́ fìdáù yín ni n kò tíì kọ̀wé sí yín. Ó ń wù mí kí n sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ ó ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ojú yín ni mò ń sá fún.

Ṣọ́ọ̀bù wa ṣì wà ní Mafoluku níbi tí ẹ fi í sí. Bọ̀dá Múfú, tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín kí wọ́n tó bí mi, ló ń bá mi darí àwọn òṣìṣẹ́. Àga oníke yín, èyí tí ẹ máa ń jókòó sí tí ẹ ó sì kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ mi, kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo gbé e dé láti Ìsọlọ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, pé òun ni yóò máa gbẹ́ ilẹ̀kùn fún wa. Ẹ bi mí pé kí ló ṣe ọwọ́ tiyín. Mo sì dá yín lóhùn níṣojú gbogbo wọn pé, "Ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n, Bàbá." Ó ń gbọ̀n lóòótọ́. Gbogbo wa la ti rí i, èmi nìkan ni kò lè pa ẹnu mọ́. Ẹ rọra gbé ṣíṣẹ́lì sílẹ̀, ẹ fẹ́ eruku kúrò lórí pákó tó wà níwájú yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ ò sì gbẹ́ nǹkan kan mọ́ títí ẹ fi lọ. Kí ló dé tí ẹ ò bú mi? Ṣé èébú kan ṣoṣo ti pọ̀ jù fún ọmọ bí èmi ni?

Lẹ́yìn fìdáù, mo gbé fọ́tò yín sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà, èyí tí ẹ yà nígbà Iléyá, tí ẹ dé fìlà funfun, tí ẹ fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí àgbò rẹ̀ gbé. Mo ṣe é kó máa jáde, kó bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni ò bá ti fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fẹ́ kí ẹ ṣì máa wà láàárín wa. Bọ̀dá Múfú tiẹ̀ máa ń kí yín láàárọ̀.

Ìgbà náà ni Alhaja kan ní Àjàó Estate ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé ilé rẹ̀ nígbà kan, èyí tó ní ewé tó ń lọ́ mọ́ ara wọn gòkè. Ó fẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́fà sí i, ewé kan náà. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbà kí ẹnikẹ́ni da ewé yẹn kọ rí, àní Bọ̀dá Múfú pàápàá. Mo lọ ya ilẹ̀kùn náà ní fọ́tò, mo ya àwòrán ewé náà sínú kọ̀ǹpútà, mo gbé pákó sórí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ewé kìíní jáde, èkejì jáde. Bó ṣe dórí ẹ̀kẹta, ojú yín yọ lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ sì háńgì. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ ń yí lójú kan ṣoṣo títí pákó fi ń rú èéfín. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ tún yọjú, ó tún dúró. Bẹ́ẹ̀ tí a bá fi ẹ̀rọ kan náà gbẹ́ orúkọ sára pákó kékeré, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé yín nìkan ni.

Mo pààrọ̀ wáyà. Mo fẹ́ eruku inú kọ̀ǹpútà. Mo kúrò lórí iná ìjọba, mo lo jẹnẹrétọ̀. Mo yọ ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà kúrò, mo tún un gbé sí i lákọ̀tun. Pákó mẹ́rin bàjẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ò súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bọ̀dá Múfú wò mí lójú, ó ní, "Bàbá ò fẹ́." Ó ní àfi kí n lọ bẹ̀ yín.

Bàbá, mo gbà á gbọ́. Alhaja ń pè mí lójoojúmọ́, àmọ́ kì í ṣe ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Ohun tó ń pa mí ni pé ẹ kú pẹ̀lú ìbínú sí mi nínú.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ kírun Jímọ̀, mo kúnlẹ̀ sínú eruku pákó níwájú kọ̀ǹpútà, mo ń retí kí ẹ jáde. Ẹ jáde. Mo bẹ̀ yín, mo sunkún, mo sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n ti sọ nígbà tí ẹ ṣì wà. Ẹ kàn ń wò mí pẹ̀lú ojú Iléyá yẹn. Mo dìde, mo tan ẹ̀rọ. Ó tún dúró.

Mo wá lọ pe Àǹtí Bùnmi, tó máa ń tún ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ní Ìsọlọ̀. Ó fa àga yín, ó jókòó, n ò sì lè sọ pé kó dìde. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ ewé, òun á máa wò ó. Nígbà tí ẹ yọjú, ó bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ta ló gbé wọn síbẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó wá ní, "Fọ́tò yìí ló ń dá a dúró." Ó ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà náà ti gbó, kò lágbára láti gbé fọ́tò jáde kó sì tún máa darí ẹ̀rọ. Orúkọ tí à ń gbẹ́ máa ń parí kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ìdí nìyẹn tí fọ́tò kì í fi dá a dúró. Ewé yín ló máa ń pẹ́. Bọ̀dá Múfú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ti gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì nítorí fọ́tò.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ yín kúrò.

Ẹ̀rọ gbẹ́ ilẹ̀kùn kìíní láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò dúró rárá. Ewé yín gòkè láìsí àbùkù kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́, èmi bọ́ sí ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ níbi tí ariwo ò ti ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹkún mi. Gbogbo ìgbà tó fi ń dúró, mo rò pé ẹ ń bínú ni, mo sì ń sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ kan, inú yín á rọ̀. Ní báyìí, ó ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí mi, Bàbá, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé òun ti dárí jì mí.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ọmọbìnrin yín, tó fẹ́ràn yín ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe sọ ọ́ lọ.